Owó Iná Ọkọ̀ Ẹlòmíràn

Bọ́ọ̀sì ni màmá mi máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní San Diego. Síbẹ̀, wọ́n wà lára àwọn tó ń sanwó ibi tí àwọn ọlọ́kọ̀ oníná ti ń ṣáàjì bátìrì. Ní 2011, àjọ tó ń ṣàkóso iná ní California kò gbà kí ilé-iṣẹ́ iná ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má baà lé àwọn oníṣòwò yòókù kúrò lọ́jà. Ní ìparí 2014, wọ́n yí i padà. Nígbà tó di 2016, wọ́n fàyè gba ilé-iṣẹ́ iná San Diego láti ṣe ibùdó 3,500 pẹ̀lú mílíọ̀nù 45 dọ́là, láti inú owó iná gbogbo wa.

"Ṣé èmi ni n ó máa ra epo fún ọlọ́kọ̀ ni?" Ìbéèrè màmá mi nìyẹn. (Ó pa mí lẹ́rìn-ín.)

Èmi kò kọ owó náà. Ibi iṣẹ́ àti fúláàtì ni wọ́n ní kí wọ́n ṣe é sí, ó sì dára, torí ayálégbé kò lè fa wáyà láti ojú fèrèsé wá sídìí ọkọ̀. Ṣùgbọ́n olówó náà ń gbé fúláàtì. Ìdá kan péré nínú mẹ́wàá ni àjọ náà fi dandan lé fún àdúgbò tálákà. Ó kéré jù. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí òmíràn, mo fẹ́ kí wọ́n ka iye ayálégbé tó wà ní àdúgbò wa.