Owó Awọ Kò Sí Nínú Ìwé Ìṣirò Mi

Gbogbo àdúgbò wa ní Èjìgbò ló gbà pé àìsówó ló sọ mí di ẹni tó ń rán awọ. Bí bàtà ọmọ ẹnìkan bá já, wọ́n á ní kó gbé e tọ̀ mí wá. Bí mo bá sì gbé àpò tí mo fi ọwọ́ ara mi rán kọ́ èjìká, àwọn àgbà á mi orí: "Tíṣà yìí mọ owó ṣún ná o." N kò já wọn ní koro rí. Mo ń gba ìyìn náà, mo sì ń fi í bo ohun kan mọ́lẹ̀. Àpò tí wọ́n ń yìn yẹn, owó tó gbà lọ́wọ́ mi lè ra mẹ́ta irú rẹ̀ lọ́jà.

Ẹni tí kò bá mọ ìlú wa lè má mọ ìdí tí ìṣúnwóná fi tó ohun tí wọ́n ń fi yẹ èèyàn wò. Ìlú Ògìyán ni Èjìgbò, ìlú iṣu àti ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n owó Àbíjàn ló kọ́ púpọ̀ nínú àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà lójú títì. Láti ayé àwọn bàbá wa àgbà ni wọ́n ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire. Bọ́ọ̀sì ń gbéra nílé wa níhìn-ín, ó ń gba Sẹ̀mẹ̀, Kùtọnu, Lomé àti Gánà kọjá títí yóò fi dé ọ̀hún. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ gbọ́ Faransé ju Yorùbá lọ. Tí wọ́n bá wálé níparí ọdún, léèsì àti góòlù á gba ìgboro kan. Láàárín irú èrò bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń lẹ bàtà ara rẹ̀, àfi kó jẹ́ pé Àbíjàn kò gbè é, tàbí kó jẹ́ ahun. Àwọn aládùúgbò mi ṣàánú mi, wọ́n mú ìkíní.

Treichville, ní Àbíjàn, ni wọ́n bí èmi náà sí. Aṣọ ni bàbá mi ń tà níbẹ̀, àwìn ló sì fi ń gba ọjà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o ti Yúróòpù wá. Ní oṣù Kìíní ọdún 1994, wọ́n gé iye sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀, sí méjì: fráǹkì Faransé kan tó ti ń jẹ́ 50 sẹ́fà láti ọjọ́ pípẹ́ di 100. Bàbá mi sùn pẹ̀lú gbèsè kan, ó jí bá méjì. Kò sunkún, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ra ìwé kékeré kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbogbo owó tó bá jáde lápò rẹ̀ sínú rẹ̀: ìṣáná, iyọ̀, owó mọ́tò, owó tí ọmọ fi ra gúgúrú. Èmi náà ń kọ tèmi títí dòní. Nígbà tí ìjà lẹ́yìn ìdìbò bẹ́ sílẹ̀ ní Àbíjàn ní ìparí 2010, tó di ogun ní 2011, mo ti wà ní Èjìgbò, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Àwọn ìbátan tó sá wálé kún yàrá wa débi pé a ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìwé yẹn la fi bọ́ wọn. Mo mọ ìgbà tí gàrí yóò tán kí ó tó tán.

Nítorí náà, ìṣúnwóná mi kì í ṣe irọ́. Ìgbà ìkórè ni mo ń ra ẹ̀wà, mo sì ń da ata gbígbẹ mọ́ ọn kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Mò ń dá àjọ. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń lọ sí oko mi lọ́nà Másífà. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà bẹntiróòlù fò láti nǹkan bíi 190 náírà kọjá 480 kí ọ̀sẹ̀ tó parí, jẹnẹrétọ̀ mi ti di ibi tí adìyẹ ń yé ẹyin sí. Iná kékeré kan tó ń gba agbára lára oòrùn ni mo fi ń ṣiṣẹ́ lálẹ́. Gbogbo èyí wà nínú ìwé. Sàárà ọjọ́ Jímọ̀ wà níbẹ̀. Àtùpà tí mo rà lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn wà níbẹ̀. Awọ nìkan ni kò sí. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí òwú, kò sí owó mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyàwó mi máa ń yẹ ìwé náà wò, kò sì bi mí rí pé ibo ni awọ ti ń wá. Bóyá ó rò pé wọ́n ń fún mi ní.

Àwọn ọmọ Niger àti Mali tó ń rán sálúbàtà àti pọ́ọ̀sì ní Treichville ni mo kọ́kọ́ rí níbi iṣẹ́ náà. Tí ilé-ìwé bá ti jáde, màá lọ jókòó tì wọ́n. Wọn kì í lo ẹ̀rọ. Òwú kan ni, abẹ́rẹ́ méjì, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan òwú náà. Irin ṣóńṣó ni wọ́n á kọ́kọ́ fi lu ihò, abẹ́rẹ́ méjèèjì á sì gba inú ihò kan náà kọjá, èyí láti ọ̀tún, èyí láti òsì. Bí òwú bá já lójú kan, ti ìhà kejì á ṣì di awọ mú. Iṣẹ́ ẹ̀rọ kò rí bẹ́ẹ̀: òwú òkè àti òwú ìsàlẹ̀ kàn kọ́ ara wọn ni, bí ọ̀kan bá já, ìyókù á bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ìda oyin ni wọ́n fi ń pa òwú lára kí omi má baà jẹ ẹ́. Èmi náà ń ra ìda lọ́wọ́ àwọn tó ń kó oyin lábúlé, ìdí nìyẹn tí yàrá mi fi ń rùn bí ilé oyin.

Ọ̀yọ́ ni ojú mi ti wá là pátápátá. Àwọn ìdílé kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé iṣẹ́ ọnà awọ ni wọ́n ń ṣe fún ààfin láti ìran dé ìran: tìmùtìmù, àpò, èèkù ìrùkẹ̀rẹ̀, àti làbà, àpò ńlá tí àwọn oníṢàngó ń gbé kọ́ èjìká, tí wọ́n ń kó ẹdùn àrá sí. Mùsùlùmí ni mí, ọ̀rọ̀ Ṣàngó kò kàn mí, ṣùgbọ́n ẹ wo ojú làbà kan dáadáa. Igun mẹ́rin ni wọ́n pín in sí, àwòrán kan náà ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wájawàja awọ sì ń rọ̀ létí rẹ̀. Àwọn ilé tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń gbé e sínú gíláàsì. Ọ̀bẹ lásán ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á gé awọ aláwọ̀ oríṣiríṣi wẹ́wẹ́, wọ́n á fi ọ̀kan gba inú èkejì. Níbòmíràn, wọ́n á bó ojú awọ pupa díẹ̀díẹ̀ kí ara funfun tó wà lábẹ́ lè yọ. Ọwọ́ tó bá wúwo díẹ̀ ti da ihò sí i. Mo ti da ihò sí púpọ̀.

Awọ ewúrẹ́ pupa tí wọ́n ń lò, òkè ọya ló ti ń wá. Òun ni àwọn òyìnbó àtijọ́ ń pè ní awọ Mòrókò, nítorí pé ọ̀dọ̀ àwọn ará Mòrókò ni wọ́n ti ń rà á. Kánò àti Sókótó ni ewúrẹ́ náà ti jẹko, ràkúnmí ló sì gbé awọ rẹ̀ la aṣálẹ̀ já. Eérú ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń rẹ awọ tútù kí irun lè ṣí. Lẹ́yìn náà ni ìgbẹ́ ẹyẹlé, kí ó lè rọ̀. Lẹ́yìn náà ni èso bàgàrúwà tí wọ́n gún kúnná, òun ló ń sọ awọ di ohun tí kì í rà mọ́. Pòròpórò ọkà pupa ló ń fún un láwọ̀. Awọ ilé-iṣẹ́ òde òní, kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní chromium ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Kíákíá ló ń jinná, ó rọ̀, kò wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ rin awọ bàgàrúwà lómi, kí ẹ fi nǹkan tẹ̀ ẹ́: àpá náà ti di ti títí láé. Ẹ fi aṣọ tútù ra etí rẹ̀ títí, yóò máa dán. Ti kẹ́míkà kì í gba àpá, etí rẹ̀ kì í dán. Èyí tó wọ́n ni mo máa ń rà, ní Sábó Ògbómọ̀ṣọ́. Iye tí mò ń rà á, bí n kò ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ilé, n kò ní kọ ọ́ síhìn-ín náà.

Ohun tó pani lẹ́rìn-ín jù nínú ilé mi ni pé awọ náà ni gbogbo wa ń jẹ. Ìyàwó mi kì í se ọbẹ̀ láìsí pọ̀nmọ́, nítorí kò sí ẹran tí owó wa ká mọ́. Ní ọdún 2022, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìmọ̀ awọ ní Zaria sọ pé ó yẹ kí òfin de jíjẹ pọ̀nmọ́, pé òun ló ń gba awọ mọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́. Ariwo sọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Mo bá wọn pariwo, nítorí mo fẹ́ràn pọ̀nmọ́ ìjẹ̀bú. Ní kọ̀rọ̀, mo gbà pé ọkùnrin náà rí nǹkan sọ. Mo ti dúró rí níbi tí wọ́n ti ń fi iná sun awọ màlúù ńlá kan tí kò lábàwọ́n kankan, inú mi sì bàjẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí, mo sì ti ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí. Àtúnṣe ń gba owó lọ́wọ́ òfò. Bàtà tí mo gé táyà ògbólógbòó sí nísàlẹ̀ ti pẹ́ ju èyí tí wọ́n bá mi rà lọ. Ìdè báàgì ilé-ìwé àwọn ọmọ, mo ń rán an, kò sì ní já mọ́. Ibi tí owó ti ń lọ ni àwọn nǹkan tí mò ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń fi bẹ́líìtì àfọwọ́rán ṣún owó ná nígbà tí bẹ́líìtì òkìrìkà tó le dáadáa wà lọ́jà. Lórí YouTube, mo máa ń wo àwọn ará Ọsirélíà tó ń fi awọ kangaroo hun pàṣán, awọ tó fẹ́lẹ́ tí kì í sì í ya bọ̀rọ̀. Àwọn kan nínú wọn náà ń sọ pé tìtorí owó làwọn ṣe ń fọwọ́ ara àwọn ṣe nǹkan. Màá wo iye ọ̀bẹ àti òòlù tó tò sára ògiri lẹ́yìn wọn, màá rẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ́ mi ni wọ́n.

Níparí ọdún tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan tó ń ṣòwò ní Àbíjàn wálé. Ó rí àpò mi, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó fa ojú rírán rẹ̀. "Àbúrò mi, rán mẹ́wàá fún mi. Màá tà á ní sẹ́fà." Mo mọ ohun tó ń sọ. Sẹ́fà so mọ́ owó euro ní 655.957 sí ẹyọ kan, ibẹ̀ ló sì dúró sí. Náírà ni kò rí ibi dúró láti ìgbà tí wọ́n ti tú u sílẹ̀ lọ́jà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023. Àpò mẹ́wàá ní Treichville lè san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ mi. Ìyàwó mi tó wà ní ìdí ààrò gbọ́. "Bàbá Kẹ́hìndé, ẹ gbà á o. Ẹ sọ fún Àǹtí pé ẹ gbà á."

Mo dákẹ́. Bí mo bá ń tà á, màá ní láti mọ iye wákàtí tí mo ń lò lórí ọ̀kan. Màá ra awọ kẹ́míkà, màá fi gọ́ọ̀mù lẹ etí rẹ̀, màá gbé apá gígùn rẹ̀ lọ fún ẹlẹ́rọ. Awọ yóò wọ inú ìwé, ojú ewé tirẹ̀ á wà, gbèsè àti èrè á sì tò síbẹ̀. Láti ọmọdé ni mo ti ń ka owó. Ohun kan ṣoṣo ló wà tí n kò kà, n kò sì fẹ́ kà á.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé, "Ẹ jẹ́ kí n rò ó, Àǹtí." Ó wọ bọ́ọ̀sì padà. Ó ti pè mí lórí fóònù, n kò tíì fún un lésì. Ìyàwó mi bi mí lálẹ́ àná pé kí ló dé, mo ní awọ tó wà nílé kò tó àpò mẹ́wàá. Òótọ́ ni. Mẹ́sàn-án ni yóò ṣe.