Ọwọ́ Tí Kò Fẹ́ Ṣí

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, àwa àti ọmọkùnrin wa, ọmọ ọdún 9, lọ ra ẹran ní ọjà Ìkòtún. Alápatà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé itan màlúù lé orí tábìlì ni, bí ọ̀bẹ rẹ̀ sì ti kàn án, ẹran náà gbọ̀n rìrì. Ọmọ náà fà sẹ́yìn, ó ní, “Bàbá, ẹran yìí kò tí ì kú ni?” Àwa sì bá a wí pé kí ó yé béèrè ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó délé, ojú ti tì wá, nítorí àwa tìkára wa kò mọ èsì ìbéèrè náà.

Nọ́ọ̀sì kan tí ó ń bá wa jọ́sìn ni ó là wá lójú, àwọn ìwé tí ó yá wa sì parí ìyókù. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, orí tábìlì alápatà ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà wà. Oríṣi iṣan mẹ́ta ni ó ń bẹ lára. Ìkínní ni ẹran pupa tí ó bo egungun. Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa rò pé okùn funfun líle inú ọbẹ̀ ni iṣan, ṣùgbọ́n okùn náà kàn so iṣan mọ́ egungun ni. Ẹran gan-an ni òṣìṣẹ́. Irú iṣan yìí ju 600 lọ lára ènìyàn, ó sì ń gbọ́ àṣẹ wa. Èkejì ni irú èyí tí ó wà nínú ṣàkì àti ìfun. Òun ni ó ń fún oúnjẹ lọ síwájú nínú wa, òun ni ó ń fún ilé ọmọ nígbà ìrọbí, òun ni ó sì ń mú kí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ fẹ̀ tàbí kí ó há. Kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ wa. Kì í yára, kì í sì í tètè rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kẹta ni ọkàn. Bí a bá fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, a ó rí i pé ó ní ilà bíi ti ẹran itan, ṣùgbọ́n kì í dúró de àṣẹ wa. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń dá ìlù ara rẹ̀ lù, ní nǹkan bí ìgbà 100,000 lóòjọ́.

Báwo ni iṣan ṣe ń fà? Ní ọdún 1954, Hugh Huxley àti Jean Hanson ní apá kan, Andrew Huxley àti Rolf Niedergerke ní apá kejì, kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Nature kan náà. (Àwọn Huxley méjèèjì kì í ṣe ìbátan.) Wọ́n ní fọ́nrán méjì ni ó wà nínú iṣan, èyí tí ó nípọn àti èyí tí ó tínrín, tí ọ̀kan ń yọ́ kọjá lára èkejì. Ẹ rántí bí a ti ń fa omi nínú kànga: ọwọ́ kan di okùn mú, ó fà á, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀, ọwọ́ kejì tún dì í mú níwájú. Okùn náà kò kúrú. Ó ń gba ọwọ́ wa kọjá ni. Bẹ́ẹ̀ ni fọ́nrán tí ó nípọn ṣe ní ọwọ́ kéékèèké tí ń fa èyí tí ó tínrín. Nígbà tí iṣẹ́ bá dé láti ọpọlọ, kálísíọ̀mù, èyí tí ó wà nínú egungun àti èèpo ẹyin, ni ó ń ṣí ibi tí wọn yóò dì mú. Fífà nìkan ni iṣan mọ̀. Kò mọ títì.

Ṣùgbọ́n èyí ni ó yà wá lẹ́nu jù: jíjọ̀wọ́ okùn náà gan-an ń béèrè agbára. Ọwọ́ kéékèèké náà gbọ́dọ̀ gba oúnjẹ kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ATP kí wọ́n tó lè ṣí. Ẹran tútù gbọ̀n lábẹ́ ọ̀bẹ nítorí pé díẹ̀ ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Nígbà tí ó bá tán, gbogbo ọwọ́ á dì í mú pinpin, ẹran á sì gan.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni a ránṣẹ́ pè wá sí Ìgàndò. Àgbẹ̀ àgbàlagbà kan, tí ó ti ń roko níbẹ̀ kí ilé tó bo ilẹ̀, ni ó kú ní ọ̀gànjọ́ òru. Nígbà tí a dé ní òwúrọ̀, àwọn tí ń wẹ̀ ẹ́ kò lè ṣí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Òun àti aya rẹ̀ sì ti ń jà ní ọ̀sẹ̀ náà nítorí ilẹ̀ kan tí ó fẹ́ tà.

Ìyá náà ní, “Bàbá Kátíkíìsì, ẹ wò ó bí ó ti di ìkúùkù sí mi. Ìbínú ni ó bá lọ.” Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mi orí.

Àwa ìbá gbàdúrà kí a sì máa lọ. Ṣùgbọ́n a jókòó tì í, a ní, “Màmá, kì í ṣe ìbínú. Agbára ni a fi ń ṣí ọwọ́, agbára sì ti tán. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, yóò rọ̀ fúnra rẹ̀.” A sọ ti ẹran Ìkòtún fún un. Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Òótọ́ ni. Ewúrẹ́ tí mo bá pa lálẹ́ a máa gan kí ilẹ̀ tó mọ́. Ewúrẹ́ kò sì bá mi jà.”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, kí a tó gbé e sínú pósí, òun tìkára rẹ̀ ni ó mú ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Ó ṣí wẹ́rẹ́. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ tirẹ̀ sí i, ó sì sọkún lọ́nà mìíràn.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, a pe ọmọ wa, a tọrọ àforíjì, a sì dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Ní ti ìjà wa lórí ilẹ̀ àti owó, ẹ jẹ́ kí a ṣí ọwọ́ nígbà tí agbára rẹ̀ ṣì wà.