Orógbó Ẹ̀yìnkùlé ní Ìgbólé-Èkìtì

Ẹni tí ó bá dé Ìgbólé, ní apá àríwá ilẹ̀ Èkìtì, yóò rí i pé igbó tí orógbó ń hù nínú rẹ̀ ń di oko. Igi tí a gé kò ní arọ́pò. Kí ni a óò fi tọrọ ẹ̀mí gígùn fún ọmọ ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ lọ́la? Ẹ jẹ́ kí a gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé.

Ohun tí ó ń dá ènìyàn lágara ni pé kóró rẹ̀ a máa pẹ́ nínú ilẹ̀. Oṣù 6 lè kọjá, nígbà mìíràn ó lè ju ọdún 1 lọ, kí ó tó hù. Àwọn mìíràn a rò pé ó ti kú, wọn a sì gbin ẹ̀gẹ́ lé e lórí. Kò kú o, ó ń sùn ni!

Ẹ yan kóró tútù, kì í ṣe èyí tí ó ti gbẹ lórí àtẹ. Ẹ bó èèpo fẹ́lẹ́ ara rẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ 3, kí ẹ sì gbìn ín sábẹ́ ibòji. Èyí a máa mú kí ó tètè hù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ.

Ó lè tó ọdún 10 kí ó tó so. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti oníṣòwò, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó gbin orógbó, ọmọ ọmọ rẹ̀ ni ó gbìn ín fún.