Ìbòjú Tí Mo Gbé Lọ sí Dahab

Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ìrìn-àjò mi, ìyá mi jókòó ti àpótí mi, wọ́n ń wò mí bí mo ti ń di ẹrù. Wọ́n mú bàtà rọ́bà tí ó rí bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ sókè, wọ́n wò ó títí, wọ́n sì ní: "Lóòótọ́ ni wọ́n ní omi kò lọ́tàá, ṣùgbọ́n ta ni ó sọ fún ọ pé ó lọ́rẹ̀ẹ́?" Mo rẹ́rìn-ín. Ìbòjú onígíláàsì tuntun tí mo rà ní Èkó ni mo fi ọkàn tán.

Etí Òkun Pupa ni Dahab wà, ní ilẹ̀ Sínáì ní Íjíbítì. Láti Sharm el-Sheikh, ọkọ̀ yóò gbé ènìyàn gba àárín òkè gbígbẹ tí kò ní koríko fún nǹkan bíi wákàtí kan, kí òkun tó yọ lójijì. Abúlé apẹja ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lónìí, ilé oúnjẹ àti ilé àwọn tí ń kọ́ni ní ìmòòkùn ló tò lọ létí omi, tí ewúrẹ́ sì ń rìn láàárín àwọn àlejò bí ẹni tí ó ni ìlú.

Ẹsẹ̀ ni a sábà máa ń fi wọ òkun ní Dahab, orí òkúta iyùn tí ó mú ni a sì ń gbà. Nítorí náà, bàtà pẹ́pẹ́yẹ tí a ń ki ẹsẹ̀ lásán bọ̀ kò wúlò tó níbẹ̀. Èyí tí ó ṣí ní gìgísẹ̀, tí a lè wọ bàtà rọ́bà kékeré sí nínú, ni ó yẹ. Mo mọ ìyẹn kí n tó lọ.

Ìbòjú ni mo ti kùnà. Ẹni tí ó tà á fún mi fa okùn rẹ̀ le mọ́ mi lórí, ó ní ó bá mi mu. Ní ọjọ́ kejì ẹ̀kọ́ mi, ní mítà 8 nísàlẹ̀ omi, omi iyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wọlé lẹ́bàá imú. Mo gbójú sókè, mo fi imú fẹ́ ẹ jáde bí wọ́n ti kọ́ mi. Ó tún wọlé. Nígbà kẹrin, ojú ń ta mí, àyà mi ń já, mo sì fẹ́ sáré gòkè. Bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó bá di èémí mú, tí ó sáré gòkè, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ yóò fẹ̀, ó sì lè fà á ya. Olùkọ́ mi di apá mi mú, ó wò mí lójú, ó sì mú mi gòkè díẹ̀díẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó mú mi lọ sí ilé ìtajà. Ó ní kí n má fi okùn kọ́ orí rárá: kí n gbé ìbòjú lé ojú, kí n fi imú fa èémí díẹ̀, kí n sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Èyí tí ó bá dúró ni ó jẹ́ tèmi. Tèmi já bọ́. Márùn-ún mìíràn já bọ́. Ẹlẹ́ẹ̀keje, tí owó rẹ̀ kò tó ti àkọ́kọ́, lẹ̀ mọ́ mi lójú. Ọ̀rọ̀ irun dídì mi náà tún wà ńbẹ̀: ẹyọ irun kan lábẹ́ etí rọ́bà ti tó láti mú omi wọlé. Láti ìgbà náà, mo máa ń fi aṣọ di irun iwájú orí mi sẹ́yìn.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń gbèrò irú ìrìn-àjò yìí, ìbòjú ni kí ẹ kọ́kọ́ ra, lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà ọrùn-ọwọ́ tí ń ka jíjìn omi àti àkókò, nítorí ìṣirò ara ẹnìkan kò ṣeé yá ẹlòmíràn. Sílíńdà afẹ́fẹ́ àti òjé, ẹ fi sílẹ̀. Wọ́n wà níbẹ̀. Ẹ̀wù rọ́bà tí ó nípọn tó mílímítà 5 ni òtútù omi fẹ́, ṣùgbọ́n mílímítà 3 tó fún ìgbà ooru.

Mo dé Blue Hole náà. Lára òkúta ẹ̀bá rẹ̀ ni orúkọ àwọn òmòòkùn tí wọ́n kú síbẹ̀ wà. Ọ̀nà abẹ́ òkúta tí ó pa ọ̀pọ̀ nínú wọn jìn ju mítà 50 lọ. Mítà 18 ni ìwé ẹ̀rí mi gbà mí láyè mọ. N kò kọjá á.

Lẹ́yìn ìmòòkùn ìkẹyìn, a gbọ́dọ̀ dúró wákàtí 18 kí a tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Mo ń fi omi tútù ṣan iyọ̀ kúrò lára ìbòjú mi nígbà tí ìyá mi pè.

"Ṣé o rí ẹja?"

"Mo rí wọn, Mà, púpọ̀."

"Ṣé wọ́n ń jẹ wọ́n?"