Ẹ Má Gé Orin Náà

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo ń wa ọmọbìnrin mi lọ sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Peckham, mo sì fi "Fuji Garbage" sí i nínú mọ́tò. Ó yọ ohun tó kì bọ etí, ó tẹ́tí díẹ̀, ó ní, "Dádì, bàbá yìí ń fara wé Asake." Ọdún 1988 ni Síkírù Àyìndé Bàrísítà gbé àwo yẹn jáde. Wọn ò tíì bí Asake nígbà yẹn.

Mo fẹ́ bínú, àmọ́ mo rí èjìká rẹ̀. Èjìká náà ti mọ ibi tí ìlù máa já sí kí ìlù tó débẹ̀. Ọmọ tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù, tí kíkí ìyá àgbà lórí fóònù ń ni lára, ara rẹ̀ gbọ́ Yorùbá. Ohun tí kò mọ̀ ni ilé tí orin náà ti wá.

Ta ló kọ́ àwa tí a dàgbà ní Ìkirè? Nínú ààwẹ̀, àwọn oníwéré ló ń jí wa sí sààrì, ọmọ ìjọ o, ọmọ Mùsùlùmí o, kò sẹ́ni tí wọn kì í jí. Inú wéré yẹn ni Bàrísítà ti yọ fújì. Ó fi àpàlà àti sákárà pò ó, ó sì fi orúkọ òkè kan ní Japan, tó rí àwòrán rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, pè é. Ó dà bí àwọn ìyá wa tó ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá títà, tí wọ́n ń fi ata àti epo pupa sọ ọ́ di dòdò Ìkirè, tí èrò ọkọ̀ Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ń nawọ́ rà lójú fèrèsé. Ohun tí ẹlòmíì ì bá dànù ni wọ́n fi lókìkí.

Mo rántí òkú àgbà kan ní Apòmù nígbà tí mo wà ní kékeré. Bàbá kan tó ń ṣòwò kòkó wọlé jẹ́ẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun. Onílù rí i lọ́ọ̀ọ́kán. Ó fún ọ̀ṣán ìyáàlù mọ́ra, ó sì fi kọ̀ǹgọ́ pe orúkọ bàbá tó bí bàbá rẹ̀. Ọkùnrin náà dúró. Ó ká apá agbádá sí èjìká ọ̀tún, ó ká a sí tòsì, ó wá ń gbẹ́sẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ni ilẹ̀ tó ń tẹ̀. Ẹni tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé kọ́ ló dé ìdí tábìlì.

Nígbà tí àwa náà di ọ̀dọ́, ọmọ ẹ̀yìn Bàrísítà àti ọmọ ẹ̀yìn Kollington, olórin fújì bíi tirẹ̀, kì í fìlà dé bákan náà. Kí o tó lanu, a ti mọ ibi tí o wà.

Orin ló ń sọ ẹni tí a jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi ìnáwó ẹgbẹ́ wa lóṣù Kejìlá kò fi tíì kúrò lọ́kàn mi. DJ gé Haruna Ishola, bàbá olórin àpàlà, mọ́ ọn lẹ́nu! "Òròkí Social Club" ni, ti ọdún 1971. Ẹgbẹ́ aríyá kan ní Òṣogbo ni bàbá yẹn fi orin yìn, orúkọ wọn sì ti rìn jìnnà ju Òṣogbo lọ. Orin náà kò tíì wọra tí DJ fi já a, tó sọ òmíràn sí i. Mo wo àwọn àgbà wa. Ọwọ́ tó ti wọ àpò láti náwó dúró sínú àpò. Ẹ wò ó, kò sí ohun tó ń ba àwọn ọmọ wa jẹ́ tó èyí. Kì í ṣe fóònù, kì í ṣe ilé ìwé òyìnbó. Ọmọ tí kò gbọ́ orin dópin rí, ibo ni yóò ti gbọ́ orúkọ baba rẹ̀ nínú orin? Ẹ máa ní mo fi ọ̀rọ̀ kékeré ṣe ńlá. Ṣebí ìjà orí ataare lọ́jà Apòmù ni wọ́n ní ó di ogun Òwu.

Nítorí náà, nílé yín, ẹ jẹ́ kí àwo dópin. Ẹ pe ọmọ jókòó, ẹ sọ ẹni tí wọ́n ń kì fún un, ẹ sọ ìdílé rẹ̀. Ní ìnáwó ẹgbẹ́, kí á padà sí onílù.

Bẹ́ẹ̀ ni mo rò ó ní Sátidé. Láti ìgbà náà, ọkàn mi ti ń ṣe méjì. Ilé-Ifẹ̀ tó wà nítòsí Ìkirè wa ni Asake ti kàwé, iṣẹ́ tíátà ló kọ́ ní OAU. Nígbà tí èrò kún O2 Arena fún un ní 2023, Yorùbá ni àwọn ọmọ wa ń kọ tẹ̀ lé e. Èwo nínú àwa àgbà ló lè kó irú èrò bẹ́ẹ̀ jọ láti sọ Yorùbá fún wákàtí kan? Lóòótọ́, orin rẹ̀ kì í pẹ́ tán. Ṣùgbọ́n bàbá tèmi kò jẹ́ kí kásẹ́ẹ̀tì Bàrísítà wọlé, àpàlà nìkan ló kà sí orin. Bí a bá gbọ́ tirẹ̀ nígbà náà, kí ni mi ò bá fi sínú mọ́tò lónìí?

Alága ní kí n gbé àbá onílù wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Mo pe ọmọ Àyàn tó máa ń lù fún wa tẹ́lẹ̀, ó ní iṣẹ́ alẹ́ lòun ń ṣe lópin ọ̀sẹ̀ báyìí. Mo ní àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ńkọ́. Ó ní èyí àgbà ń lù, àmọ́ inú kọ̀ǹpútà ló ti ń lù ú, ó ń ṣe ìlù fún àwọn olórin. Ó fún mi ní nọ́ńbà ọmọ náà. Mi ò tíì pè é.