Ọ̀kadà Tó Kú Lẹ́ẹ̀mẹ́ta Kó Tó Dé Ìsẹ́yìn

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ilẹ̀ Òkè Ògùn ṣe fẹ̀ tó, kó má wọ mọ́tò lọ síbẹ̀. Nínú mọ́tò, oorun ni èèyàn máa ń sùn. Orí alùpùpù ni kó jókòó sí, kí atẹ́gùn máa gbá a lójú, kí ìdí máa ro ó. Ìgbà náà ni yóò mọ̀ pé ibi tí àwọn ará ọ̀nà ń pè ní "kò jìnnà mọ́" kò tíì súnmọ́ rárá.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń fi ọ̀kadà jẹun. Àwọn mìíràn ń gùn ún lọ sóko, lọ sọ́jà, lọ síbi iṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí, ẹnìkan kọ́ ló sọ ọ́ fún mi. Ojú mi ló ṣe. Mo sì mọ̀ pé ó lè yọ ẹlòmíràn nínú gbèsè.

A GBÉRA NÍ MỌ́NÍYÀ

Oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni. Mo ń lọ wo àwọn ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn, kí n sì ti ibẹ̀ kọjá sí Òkèihò. Ọlọ́kadà kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ní Mọ́níyà, ọmọ Òkèihò ni, ó sì ń lọ sílé lọ́jọ́ náà. A dúnàá dúrà, ọ̀rọ̀ wa wọ̀. Ó jù mí lọ ní bí ọdún mẹ́wàá, nítorí náà "Ẹ̀gbọ́n" ni mo ń pè é. Òun náà ń pè mí ní "Akọ̀ròyìn."

Ọ̀kadà yìí kò tíì di tirẹ̀ tán o. Wọ́n gbé e fún un ni pé kó máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ku oṣù mẹ́rin péré kó san án tán. Ṣùgbọ́n bí ọ̀sẹ̀ méjì bá lọ tí kò san, olówó á wá gbé nǹkan rẹ̀, gbogbo èyí tí Ẹ̀gbọ́n ti san láti ẹ̀yìn wá á sì wọgbó. Ẹ wá fi ọ̀rọ̀ epo kún un. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, lítà kan tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ ti fò kọjá ₦600 nígbà tí mò ń wí yìí. Ọlọ́kadà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá bàjẹ́ nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, kí ni yóò fún àwọn ọmọ jẹ?

Mọ́níyà ni ọkọ̀ ojú irin tuntun tó ń bọ̀ láti Èkó ń já èrò sí, ní ibùdó ńlá tí wọ́n fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹfà ọdún 2021. Láti ibẹ̀ dé Ìsẹ́yìn, kìlómítà 65 ni. Òjò ti rọ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ilẹ̀ tutù, ewéko ń dán, àwọn obìnrin ń to iṣu sẹ́bàá ọ̀nà. Orí mi wú. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìrìn àjò yìí á dùn o." Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká dé ná."

PLỌ́Ọ̀GÌ NI, PLỌ́Ọ̀GÌ KỌ́

A kan kọjá Ìjàyè ni, ìlú Kúrunmí Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, tí ogun Ìbàdàn fọ́ ní ọdún 1862. Mo ń wo ọ̀tún, mo ń wo òsì, mo ń ro bí ìlú tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ ṣe lè dahoro. Àfi bí ọ̀kadà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí ṣe bí ẹni tí òsúkè ń gbé. Ó fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, ó fà lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́ fee.

Ẹ̀gbọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ó ṣí táǹkì, ó mì í, epo ń dún pọ̀kọ̀pọ̀kọ̀ nínú rẹ̀. Ó ní, "Epo ṣì wà." Ó dé e padà. Ó tú plọ́ọ̀gì, ó fi sáńpépà ha ẹnu rẹ̀, ó dá a padà, ó ta kíìkì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gbọ̀ọ̀! Ó jí. "Plọ́ọ̀gì ni," ló wí, a sì tún ń lọ.

Kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà, nígbà tí a ò tíì dé odò Ògùn, òsúkè tún dé. Ó tún kú. Ẹ̀gbọ́n tún ṣí táǹkì, ó wo epo, ó dé e. Lọ́tẹ̀ yìí, ó mú plọ́ọ̀gì tuntun jáde lápò, ó fi í síbẹ̀. Ó jí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ rí i báyìí, ó ti parí nìyẹn."

Níbo ló parí sí? A sọdá odò Ògùn tán, a rìn díẹ̀ sí i, ó tún kú lẹ́ẹ̀kẹta. Plọ́ọ̀gì tuntun ló sì wà níbẹ̀ o! Oòrùn ti ń yí sí ìwọ̀ oòrùn, gbogbo wa la sì mọ ohun tí ojú pópó dà lóde òní tí ilẹ̀ bá ṣú. A ti ọ̀kadà dé abúlé kan tí mẹkáníìkì wà. Ọkùnrin náà kò tú nǹkan kan wò. Ó ní kí Ẹ̀gbọ́n ta á, ó jí lóòótọ́, nítorí Ẹ̀gbọ́n ti tún ṣí táǹkì wò. Mẹkáníìkì dẹtí sí i, ó mirí. Ó ní, "Ríǹgì ti jẹ. Ẹ́ńjìnnì yìí fẹ́ nọ́kì. A máa tú u palẹ̀ ni. ₦45,000, iṣẹ́ àti nǹkan tí a máa rà."

Ẹ̀gbọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Owó tó wà lápò rẹ̀ kò ju ₦18,000 lọ, owó olówó ọ̀kadà tó fẹ́ san lọ́jọ́ Ajé ló sì wà nínú rẹ̀. Ó ń ro ẹni tó lè pè lórí fóònù kó yá a. Ó pe ẹnìkan, kò gbé e. Ó pe ẹlòmíràn, ó ní kò sí lọ́wọ́. Nígbà tó yá, ó dìde, ó ní, "Akọ̀ròyìn, ẹ jẹ́ ká máa wọ́ ọ lọ sí Ìsẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Tó bá máa kú, kó kú síbi tí mo ti mọ èèyàn." Mẹkáníìkì ní ó máa gan pa mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Kò dá a lóhùn.

BÀBÁ ÌDÍ ÒFÌ

A wọ Ìsẹ́yìn pẹ̀lú òsúkè náà. A ya sí ìdí òfì tí mo ń lọ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ á gbọ́ ariwo òfì, kẹ̀kẹ̀, kẹ̀kẹ̀, láti òwúrọ̀ títí dìrọ̀lẹ́. Òwú nà gbọọrọ síta bí okùn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń hun sányán, àlàárì àti ẹtù tí à ń fi ṣe ìgbéyàwó.

Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ti tó àádọ́rin ọdún. Mo kí wọn, mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ohun tó gbé mi wá. Wọ́n wo Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí ló dé tí ojú rẹ korò?" Àṣé Bàbá yìí ti tún alùpùpù ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó padà sídìí iṣẹ́ bàbá wọn. Ẹ̀gbọ́n ka ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Bàbá kò dìde, ọwọ́ wọn ò sì kúrò lórí òfì. Ìbéèrè ni wọ́n ń bi.

"Tó bá kú, ṣé plọ́ọ̀gì máa ń tutù tàbí ó máa ń gbẹ?"

"Ó máa ń gbẹ, Bàbá."

"Ṣé ó ń ta iná?"

"Ó ń ta dáadáa."

"Ṣé ó ń ru èéfín? Ṣé ó ń mu ọ́ìlì? Ṣé kíìkì rẹ̀ rọ̀?"

"Rárá, sà."

"Ríǹgì kọ́ nìyẹn. Tí plọ́ọ̀gì bá gbẹ, epo ò débẹ̀ ni. Kí o tó ta á kó jí, ṣé o máa ń ṣí táǹkì?"

Ẹ̀gbọ́n ronú. Ó ní, "Ní gbogbo ìgbà."

Bàbá fi òfì sílẹ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kó ta ọ̀kadà náà, kó jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ títí yóò fi kú fúnra rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ọmọrí táǹkì. Nígbà tó kú, wọ́n gba sípánà, wọ́n tú nọ́ọ̀tì kékeré tó wà nísàlẹ̀ kabúrétọ̀. Epo kán tó, tó, tó, ó dá. Wọ́n ní, "Ó yá, ṣí táǹkì." Bí Ẹ̀gbọ́n ṣe ṣí i, a gbọ́ ọ: fììì! Bí ìgbà tí èèyàn mí kanlẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ epo bẹ̀rẹ̀ sí dà ṣòròrò láti ìsàlẹ̀ kabúrétọ̀.

Bàbá yí ọmọrí táǹkì náà. Ọ̀rá wà lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ṣẹ́ po. Ẹ̀gbọ́n ló fi í síbẹ̀ nígbà tí òjò ń rọ̀, kí omi má baà wọnú epo.

Bàbá bi wá pé, "Tí ẹ bá fẹ́ da mílíìkì inú agolo, ihò mélòó lẹ ń lu?"

A ní, "Méjì."

"Ọ̀kan ni mílíìkì ń gbà jáde. Kí ni ìkejì ń ṣe?"

Ọ̀rọ̀ yé wa. Ihò bíńtín kan wà lára ọmọrí táǹkì tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Bí epo ṣe ń lọ sísàlẹ̀, atẹ́gùn gbọ́dọ̀ wọlé rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rá ti dí ihò náà. Fún ìwọ̀nba àkókò, epo á ṣì máa sàn, nígbà tó bá yá kò ní lè sàn mọ́, ẹ́ńjìnnì á sì pa ebi kú pẹ̀lú epo nínú táǹkì. Ṣé ẹ rí i? Gbogbo ìgbà tí Ẹ̀gbọ́n ṣí táǹkì láti wo epo ni atẹ́gùn wọlé, ìyẹn gan-an ló ń jí i. Plọ́ọ̀gì wá ń gba ìyìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀.

Bàbá kò gba kọ́bọ̀. Wọ́n ní ká ra omi tútù fún àwọn ọmọ ìdí òfì. Ìyẹn náà la rà.

OHUN TÍ BÀBÁ NÍ KÍ N KỌ SÍLẸ̀

Wọ́n ní ọ̀kadà tó bá kú lójú ọ̀nà, iná ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ dé táǹkì dáadáa, ẹ tú plọ́ọ̀gì, ẹ fi í sẹ́nu okùn rẹ̀, ẹ gbé e ti irin ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ ta kíìkì. Iná gbọ́dọ̀ ṣẹ́ wàì. Níbi tí epo bá ti dà sílẹ̀, ẹ má dán an wò.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo epo. Plọ́ọ̀gì tó tutù jọ̀ọ̀, epo ti pọ̀ jù tàbí iná kò sí. Èyí tó gbẹ, epo ò débẹ̀. Tó bá jẹ́ omi ló dà pọ̀ mọ́ epo, omi wúwo ju epo lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń rọ̀gún sí, nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ kabúrétọ̀ yẹn lẹ máa fi dà á nù.

Ẹ̀kẹta, atẹ́gùn. Ẹ wo ihò ọmọrí táǹkì, kẹ́ ẹ sì máa gbọn eruku inú ìsẹ́ atẹ́gùn, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Ṣùgbọ́n tí ariwo irin bá ń dún nínú ẹ́ńjìnnì, tàbí tí kíìkì bá le gan-in tí kò lọ sísàlẹ̀ mọ́, ẹ má fi agbára ta á. Ẹ wo ọ́ìlì, kẹ́ ẹ wá mẹkáníìkì tó mọṣẹ́. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ojú ọ̀nà.

A DÉ ÒKÈIHÒ

A kúrò ní Ìsẹ́yìn nígbà tí oòrùn ti rọlẹ̀. Òkèihò là ń lọ, ìlú tó bá Ìsẹ́yìn dìde sí ìjọba òyìnbó ní ọdún 1916. Ọ̀kadà ń lọ geere. Mo ń retí òsúkè, kò dé. Ẹ̀gbọ́n tó ti dákẹ́ láti ìgbà tí mẹkáníìkì ti dá owó lé e bẹ̀rẹ̀ sí kọrin, ohùn rẹ̀ ò dùn, ṣùgbọ́n mi ò ní kó dákẹ́. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tán tí a fi dé.

Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ó pè mí lórí fóònù. Ó ní òun ti san owó ọ̀kadà tán, ó ti di tòun pátápátá.

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn mi, kẹ́ ẹ tó gbà kí ẹnikẹ́ni tú ẹ́ńjìnnì yín palẹ̀, ẹ ṣí ọmọrí táǹkì, kẹ́ ẹ dẹtí sílẹ̀. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí lójú ọ̀nà, kó kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí wa, káwọn yòókù lè rí i fi ṣọgbọ́n.