Ọ̀pá Àgbá Tí Ó Ṣẹ́

Ìwọ ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé yìí, má ṣe rò pé ẹ̀kọ́ ìwà a máa tán ní ọjọ́ tí ènìyàn bá fi ilé-ìwé sílẹ̀. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́, mo sì di ọ̀gá ilé-ìwé kí n tó fẹ̀yìn tì sí Ọ̀fà, ìlú mi. Síbẹ̀, ohun kékeré kan tí kò gùn tó ìwé ìkọ̀wé rẹ ni ó kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí.

Ọmọ mi kan tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó fi páálí kan ránṣẹ́ sí mi, kí ọwọ́ mi má baà dilẹ̀. Àwọn ẹ̀yà ọkọ̀ àgbá ogun kan tí à ń pè ní Palmaria ni ó wà nínú rẹ̀, tí èmi yóò tò pọ̀. Ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n ti ṣe ojúlówó ọkọ̀ náà, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà sì ra 25 nínú rẹ̀. Orí ẹ̀wọ̀n irin ni ó ń rìn bíi ti katapílà tí ń la ọ̀nà. Ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 46, ẹnu àgbá rẹ̀ sì fẹ̀ ní mìlímítà 155. Tèmi kéré sí i ní ìgbà 72, tó bẹ́ẹ̀ tí ohun tí ó gùn ju mítà 11 lọ fi di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 16. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn ogun. Ọmọ kékeré ni mo jẹ́ nígbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà, láti 1967 sí 1970, mo sì mọ̀ pé ohun tí àgbá bá fọ́, gúlù kò lè lẹ̀ ẹ́.

Oje pípò ni a fi ṣe àwọn ẹ̀yà náà. A ó dà á sínú rọ́bà tí ó ní àwòrán ohun tí a ń fẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ń ṣe búlọ́ọ̀kù ti í da iyanrìn àti sìmẹ́ńtì sínú àpótí irin. Bí ó bá le tán, a ó yọ ọ́. Ọ̀rá a máa wà lára rẹ̀, nítorí náà a gbọ́dọ̀ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀dà kò ní mú un. Eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Inú omi ni a ti í fi sánpépà ha á, a ó sì bo imú. Ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá tí ó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi, ni ó bá mi fọ gbogbo rẹ̀.

Ọ̀pá àgbá náà tẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ó dé. Ìwé tí ó bá a wá sọ pé kí a rì í sínú omi gbígbóná títí yóò fi rọ̀, kí a nà án jẹ́jẹ́, kí a sì fi omi tútù mú un le. Ṣùgbọ́n ìkánjú mú mi. Mo fi ọwọ́ lásán tẹ̀ ẹ́ ní gbígbẹ, ó sì sán. Mo fi gúlù sí i, mo fi ọ̀dà bò ó, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, àwọn ọ̀rẹ́ mi wá kí mi. Mo ní kí ọmọ náà gbé iṣẹ́ wa wá kí wọ́n rí i. Bí ó ti gbé e sílẹ̀ ni ọ̀pá náà ṣẹ́. Mo pariwo mọ́ ọn níwájú wọn, mo pè é ní aláìfarabalẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.” Kò jẹun sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tí ilé pa rọ́rọ́, mo mú ọ̀pá náà sún mọ́ iná. Gúlù mi àtijọ́ ń dán ní ojú ibi tí ó ti ṣẹ́. Gbogbo ayé mọ Ọ̀fà mọ́ ìjàkadì, ṣùgbọ́n èmi àti ọkàn mi ni a jọ wọ̀yá ìjà ní òru náà. Ọkàn mi ní, “Ọmọdé ni, yóò gbàgbé. Ta ni yóò mọ̀?” Mo rántí iye ọmọ tí mo ti nà ní ẹgba nítorí irọ́, ojú sì tì mí.

Ní òwúrọ̀, mo ránṣẹ́ pe àwọn ọ̀rẹ́ mi padà. Mo fi ibi tí ó ṣẹ́ hàn wọ́n, mo sì sọ níwájú wọn pé, “Èmi ni mo ba nǹkan yìí jẹ́. Ọmọ mi, dárí jì mí.” Ọmọ náà wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, “Bàbá, ó ti tán. Ẹ jẹ́ kí n lọ gbé omi kaná.” A nà ọ̀pá náà bí ó ti yẹ, a lu ihò tín-ín-rín sí ojú méjèèjì, a ki wáyà sínú wọn, a sì lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ó ti lágbára ju ti ìṣáájú lọ.

Ọ̀rẹ́ mi, àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Má ṣe dúró de ọjọ́ náà. Bí o bá ṣe àṣìṣe, sọ ọ́ nígbà tí ó ṣì kéré. Bí o bá sì dẹ́bi fún aláìṣẹ̀ ní gbangba, má ṣe bẹ̀ ẹ́ ní ìkọ̀kọ̀. Ibi tí o ti dójú tì í ni kí o ti dá iyì rẹ̀ padà fún un.